Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń bi mí nípa iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá

Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ọ̀dọ́ kan má pè mí lórí fóònù, tàbí kó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá, kó ní òun fẹ́ di akọ̀ròyìn eré ìdárayá. Wọ́n ń wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ṣàgámù, láti Ìpẹru àti Àgọ́-Ìwòyè. Ìbéèrè wọn jọra, ni mo bá kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn. Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí wù mí, àmọ́ mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Orí pápá tó sún mọ́ ilé yín jù lọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá mi ló mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Arsenal, ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé ta ló ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ àdúgbò wọn, ojú mi ni wọ́n á máa wò. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Arsenal kún London, wọ́n ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ lójúkojú. Kí ni ìwọ tó o wà ní Ìjẹ̀bú fẹ́ rí tí wọn ò tíì rí? Ṣùgbọ́n ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó wáyé ní Ìjẹ̀bú-Igbó lánàá, bí ìwọ kò bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́, títí ayé.

Ọlọ́run sì ti ṣe é fún wa ní agbègbè yìí. Ẹgbẹ́ Remo Stars wà ní Ìkẹ́nnẹ́, lórí pápá tiwọn gan-an. Ní sáà 2022/2023, ipò kejì ni wọ́n wà nínú líìgì Nàìjíríà, Enyimba ló gbégbá orókè. Ní 2023/2024, ipò kejì náà ni, Rangers ló gba ife lọ́tẹ̀ yẹn. Ìgbà tó di 2024/2025 ni wọ́n tó gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, kóòṣì Daniel Ògúnmódẹdé ló kó wọn débẹ̀. Rò ó wò ná. Ọmọ Rẹ́mọ tó bá ti ń lọ sí pápá yẹn láti 2022, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ tí ife dé, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà wà: ìgbà tí wọ́n fẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀ tí kò bọ́ sí i, ẹni tó sunkún, ẹni tí wọ́n tà, ẹni tó padà. Kò sí ilé ìwé ìròyìn ní Èkó tí kò ní fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, pápá Dípò Dínà wà ńbẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju mẹ́tàdínlógún lọ ní 2009, ó wà lára àwọn pápá tí wọ́n lò. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Pápá tí àwọn tó ń lẹ táyà ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday ńkọ́? Gbogbo wọn ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ṣé dandan ni kí n lọ sí yunifásítì?

Kì í ṣe dandan, àmọ́ tí ọ̀nà bá wà, lọ. Wọ́n ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Babcock ní Ìlíṣàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Babcock, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni, owó rẹ̀ kò kéré. Ọdún mẹ́rin ni. Wàá nílò kírẹ́díìtì márùn-ún, èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ yunifásítì lè lọ sí Nigerian Institute of Journalism ní Ọ̀gbà, l'Ékòó. Iṣẹ́ ìròyìn nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè yẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, akọ̀ròyìn sì ni kó tó di gómìnà Ògùn ní 1979. Ayékòótọ́ ni orúkọ tó fi ń kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ wa kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Kí ni ẹ máa ń kọ sínú ìwé yẹn nígbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kí wọ́n tó fọn fèrè, mo ti fa ìlà sí ojú ewé méjì tó kọjú síra. Ní apá kan, mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀wù àwọn mọ́kànlá ẹgbẹ́ kìíní, mo kọ ti ẹgbẹ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì wà nísàlẹ̀. Ojú ewé kejì jẹ́ ti ìṣẹ́jú. Bó ṣe máa ń rí rèé:

12 – 7 gbá a látòkèèrè, aṣọ́lé tì í sí kọ́nà.
31 – káàdì yẹ́lò, 4, ó fa 10 lẹ́wù.
44 – GÓÒLÙ. 9, ó fi orí kàn án. 11 ló gbé e wá láti apá ọ̀tún.
45+2 – kóòṣì àlejò bá rẹfirí jà lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ni mò ń kọ, orúkọ gùn jù. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń kọ, kì í ṣe ohun tí àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi ń pariwo. Àwọn èrò lè máa ké pé pẹ́nárítì ni, tí ìwọ náà bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìrí i, o ti di ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n fàyè gba kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pààrọ̀ èèyàn márùn-ún, wàá sì rí i pé ibi pípààrọ̀ yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣìnà jù. Kọ ẹni tó jáde, kọ ẹni tó wọlé, kọ ìṣẹ́jú rẹ̀.

Mú pẹ́ńsù dání. Òjò ilẹ̀ wa kì í sọ tẹ́lẹ̀, bí bébà bá sì ti tutù, bírò kì í kọ lórí rẹ̀ mọ́. Pẹ́ńsù á kọ.

Mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi. Ṣé mo lè ṣe é?

O lè ṣe é. Mọ òfin eré náà, kí o mọ̀ ọ́n ju àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ lọ. Wọ́n ń tẹ ìwé òfin bọ́ọ̀lù jáde lọ́dọọdún, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kà á tán pátá. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò kà á rí, ó sì máa ń hàn nínú ohun tí wọ́n ń kọ.

Ṣé bọ́ọ̀lù nìkan ni? Eré sísá ni mo fẹ́ràn.

Ó tì o, àbúrò mi! Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Tobi Àmúsàn sí ní 1997, ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Our Lady of Apostles. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìdíje eré sísá àgbáyé. Ẹni tó bá fẹ́ di akọ̀ròyìn eré sísá ní Ìjẹ̀bú, tí kò bá mọ ìtàn yìí tinútòde, kó lọ jókòó kọ́ ọ kó tó mú gègé.

Jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi sá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá eré ọgọ́rùn-ún mítà ìfòdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. 12.20 ni tẹ́lẹ̀, Kendra Harrison ọmọ Amẹ́ríkà ló sá a ní 2016. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó tún jáde fún àṣekágbá, ó sá 12.06, ó gba wúrà. Ilé rédíò bíi mélòó kan kéde pé ó tún ti fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé lẹ́ẹ̀kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti àwọn eléré láti ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá jù bẹ́ẹ̀, wúrà á dúró, àmọ́ àkókò náà kò ní wọ inú àkọsílẹ̀. Ti àṣekágbá yẹn jẹ́ 2.5. Ti ìpele tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ 0.9. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 12.12 ni àkọsílẹ̀ àgbáyé, kì í ṣe 12.06.

Akọ̀ròyìn tó bá mọ òfin afẹ́fẹ́ yìí, nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò ló máa kọ́kọ́ wò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ti pariwo irọ́ fún gbogbo ìlú.

Yàtọ̀ sí èyí, ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2006 àti ní oṣù karùn-ún 2025. Ìjàkadì wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wà, odò wíwẹ̀ wà, gbígbé irin wà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa bọ́ọ̀lù pọ̀ bí eéṣú. Ẹni tó bá mọ gbígbé irin dáadáa kò tó nǹkan, òun ni wọ́n á sì máa pè.

Ta ni yóò jẹ́ kí n wọ ibi tí àwọn oníròyìn ń jókòó?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí o wọ ibẹ̀. Ra tíkẹ́ẹ̀tì, jókòó sáàárín èrò, ṣe iṣẹ́ rẹ níbẹ̀. Nígbà tí o bá ti ní bíi ìròyìn mẹ́wàá tí o kọ, kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oníròyìn nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Fi ohun tí o ti kọ hàn án. Má lọ bá a lẹ́nu géètì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí fèrè, kí o máa ní "ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́". Ti ìdíje CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, le ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba àṣẹ, gbèdéke wà, bó bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn.

Bí o bá ti rí iṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn tàbí rédíò, wàá lè wọ ẹgbẹ́ NUJ tó jẹ́ ti gbogbo akọ̀ròyìn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955, àti SWAN tó jẹ́ ti àwa akọ̀ròyìn eré ìdárayá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé owó wà níbẹ̀?

Owó kò pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́jọ tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún mi. Ìyàwó mi ló ń ta aṣọ tí a fi ń jẹun, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀ fún un láé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní iṣẹ́ kejì lọ́wọ́: ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé, ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, ẹni tó ń ṣe alága ìdúró ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Gbìyànjú kí iṣẹ́ kejì yẹn má bọ́ sí ọ̀sán Sunday, torí ọjọ́ náà ni líìgì.

Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má gba owó lọ́wọ́ ẹni tí o ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé oníròyìn, ẹnì kan lè nawọ́ àpòòwé sí ọ, á ní owó mọ́tò ni. Dúpẹ́, kí o dá a padà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí o gbà lónìí ni yóò di ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ tí alága ẹgbẹ́ náà kò bá san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ náà á wá bá ọ pé kí o bá àwọn kọ ọ́, ìwọ kò sì ní lè kọ ọ́. Mo ti rí i lójú akọ̀ròyìn tó dàgbà jù mí lọ, ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Bọ̀dá, ọmọ mi obìnrin ló ní iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, Mà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Remo Stars ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa wọn kò sì tó rárá. Ní oṣù keje 2025, Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, lọ bá Mòrókò nílé wọn ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Góòlù méjì sí òdo ni wọ́n fi ń jẹ àwọn ọmọ wa níyà, wọ́n yí i padà di mẹ́ta sí méjì, wọ́n gba ife náà nígbà kẹwàá. Ọmọ yín lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe asán, mi ò ní ní kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, yóò tó aago méje kó tó parí iṣẹ́. Kó ti bá awakọ̀ tí ẹ mọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílé, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀kadà lálẹ́. Kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ, ìta ni wọ́n ti ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin kan bá ní àfi kó wá sí hòtẹ́ẹ̀lì kí òun tó dáhùn ìbéèrè, kó fi ẹni náà sílẹ̀. Kò sí ìròyìn kankan níbẹ̀. Kó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má pa á mọ́ra.

Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Kọ́ méjèèjì, àmọ́ má ṣe fojú kéré Yorùbá. Àwọn tó ń gbọ́ wa nínú ṣọ́ọ̀bù, nínú mọ́tò, nídìí ẹ̀rọ ìlagẹdú, Yorùbá ni wọ́n fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Èdè náà sì dùn nínú rẹ̀. Wo bí a ṣe ń sọ pé bọ́ọ̀lù náà jẹ sáwọ̀n, pé wọ́n ta ọ̀mì, pé aṣọ́lé náà fò bí ẹyẹ, pé wọ́n fàgbà han ara wọn. Níbi tí a kò bá ti ní ọ̀rọ̀, lo èyí tí gbogbo ayé ń lò: kọ́nà, pẹ́nárítì, ọ̀fúsáìdì. Má wá lọ máa hun ọ̀rọ̀ ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí.

Bí o bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí bàbá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó bá pè wọlé tó ń fọ Ìjẹ̀bú ponbele, dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀ bí o bá gbọ́ ọ. Mo ti rí i tí àgbà kan bú sẹ́kún lórí fóònù nítorí pé ẹnì kan lórí rédíò dá a lóhùn bí ọmọ ilé. Inú ìwé nìkan ni kí o ti dúró lórí Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ará Ọ̀yọ́ àti Èkìtì lè kà á.

Ọmọ Rẹ́mọ ni mí. Ṣé mo lè fẹ́ràn Remo Stars kí n sì máa kọ̀wé nípa wọn?

Ìfẹ́ ilé kò burú. Má wọ ẹ̀wù wọn wá síbi iṣẹ́, má pàtẹ́wọ́ níbi tí àwọn oníròyìn jókòó sí, kí o sì kọ ọ́ bí wọ́n bá gbá ìgbákugbà. Nígbà tí Shooting Stars bá wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n sì dára jù lọ́jọ́ náà, jẹ́ kí ará Ìbàdàn ka ìròyìn rẹ kó má mọ ibi tí wọ́n bí ọ sí.

Bí mo bá ṣe àṣìṣe ńkọ́?

Wàá ṣe é. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ẹrẹ̀ bo ẹ̀yìn ọmọ kan títí tí mo fi rí 17 bí 11. Ẹlòmíràn ni mo fi góòlù náà fún lórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ìyá ọmọ tó gbá a wọlé ti pe ará ilé jọ sídìí rédíò, wọ́n ń dúró de orúkọ ọmọ wọn. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n gbọ́. Ọmọ náà wá bá mi ní ọjọ́ kejì, kò bínú, ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Mo tún un sọ lórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ kí ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò kúrò lórí pápá láìtíì fi orúkọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé wé ti ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Bí o bá ṣì í, tún un ṣe ní gbangba, ní ibi kan náà tí o ti ṣì í.

Ẹ̀sùn tó lágbára yàtọ̀ síyẹn. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ pé rẹfirí gba rìbá, ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kí o tó kọ ọ́. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ wà, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì wà láti 2015.

Irinṣẹ́ wo ni kí n rà?

Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa, páwà báńkì, ìwé, pẹ́ńsù méjì, láílọ́ọ̀nù tí wàá fi wé gbogbo rẹ̀ bí òjò bá dé. Kámẹ́rà lè dúró ná.

Kí ni kí n bi kóòṣì lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀?

Má bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. Bi í nípa ohun kan tí o rí. "Kóòṣì, ní ìṣẹ́jú ọgọ́ta ẹ gbé nọ́ńbà 6 wá sí apá òsì. Kí lẹ rí tẹ́lẹ̀ tó mú yín ṣe bẹ́ẹ̀?" Á wò ọ́, á mọ̀ pé o wo bọ́ọ̀lù, á sì sọ̀rọ̀. Kóòṣì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi, fún un láyè díẹ̀, kí i kí o tó bi í ní ohunkóhun. Ilé la ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Mo ti kọ ìròyìn àkọ́kọ́ mi. Ta ni kí n fi ránṣẹ́ sí?

Rí i dájú pé iye góòlù àti orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Má jẹ́ kó ju ọ̀rọ̀ ọ̀ọ́dúnrún lọ. Fi í ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì, torí ìròyìn bọ́ọ̀lù dà bí àkàrà, gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Fi í ránṣẹ́ sí rédíò agbègbè wa, bíi Hope FM tó wà nínú ọgbà Babcock, kí o sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá àti àwọn tó ń gbé eré ìdárayá sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ sísàlẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, kọ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìkẹrin tí mo fi ránṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Wọ́n gé e títí ó fi ku ìlà mẹ́fà, wọn ò sì kọ orúkọ mi sí i. Ojú ewé náà ti pọ́n báyìí, inú Bíbélì ìyá mi ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.